Òkè White Mountain: Igbó tí wọ́n tà lọ́pọ̀, tí ìjọba Amẹ́ríkà tún fowó rà padà

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, ọdún 1934, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wo ojú ọjọ́ lórí Òkè Washington, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Máìlì 231 ní wákàtí kan ni ẹ̀rọ wọn kà. Ọkọ̀ tó ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kì í sábà sá ìdajì eré bẹ́ẹ̀. Bí a bá yọ ti ààjà kúrò, ó tó ọdún 62 tí kò fi sí ibòmíràn lágbàáyé tí wọ́n ti wọn irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ìjì ńlá kan jà ní erékùṣù Barrow lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà lọ́dún 1996, tí ti ibẹ̀ wọ máìlì 253, ni Òkè Washington tó fi ipò kìíní sílẹ̀.

Èèyàn lè rò pé irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan kò ní í ya ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún ni ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ń di ẹrù wọn, tí wọ́n ń kó ìyàwó àti ọmọ, tí wọ́n ń lọ gba atẹ́gùn lórí òkè náà àti nínú igbó tó yí i ká. Wọ́n ń gun òkè, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń pàgọ́ sùn, wọ́n sì ń wo omi tó ń já ṣòòròṣò láti orí àpáta. Inú ọ̀pọ̀ wọn ń dùn bí wọ́n ti ń darí sílé. Àwọn kan kò sì darí sílé mọ́.

Igbó ọba White Mountain ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ni ín. Ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi éékà 800,000. New Hampshire ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà, díẹ̀ sì bọ́ sí ìpínlẹ̀ Maine tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀ ni pé igbó tí wọ́n ń rí lónìí, tó dúdú mìnìjọ̀ yìí, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ohun tí wọ́n ń lọ wò níbẹ̀

Òkè tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó ga ju 4,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ ní New Hampshire nìkan jẹ́ 48, Òkè Washington, tó ga tó 6,288 ẹsẹ̀ bàtà, sì ni olórí gbogbo wọn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà fún ara wọn ni kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn gun òkè méjìdínláàádọ́ta náà tán. Ó ń gba àwọn mìíràn ní ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá gùn ún tán, ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ yóò fún wọn ní àmì aláṣọ kan tí wọn yóò rán mọ́ ara àpò tàbí ẹ̀wù.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lókìkí jù lọ ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail, gba orí àwọn òkè wọ̀nyí kọjá. Ọ̀nà náà lé ní máìlì 2,190, láti ìpínlẹ̀ Georgia ní gúúsù títí dé Maine ní àríwá. Ẹni tó bá ń rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò lo oṣù márùn-ún sí méje. Lórí òkè, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1876 kọ́ ilé ìsinmi mẹ́jọ tí arìnrìn-àjò lè sùn mọ́jú, kí ó sì jẹun gbígbóná. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń pọn oúnjẹ tútù gun òkè, bíi ti aláàárù ọjà, nítorí pé mọ́tò kò lè débẹ̀.

Ẹni tí orúnkún ń dùn náà kò pàdánù. Ọ̀nà ọlọ́dà kan wà tó gba àárín igbó náà kọjá, láti ìlú Lincoln dé Conway. Gígùn rẹ̀ jẹ́ máìlì 34 àti ààbọ̀. Kancamagus ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn orúkọ olóyè kan nínú àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbé ayé ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìparí oṣù Kẹsàn-án sí àárín oṣù Kẹwàá, kí òtútù tó mú gan-an, ewé igi á yí padà. Èyí á pọ́n bí osùn, èyí á ṣe rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè tó pọ́n, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè á wá dàbí aṣọ òkè tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Àkókò yìí ni mọ́tò máa ń tò lójú ọ̀nà náà bí ẹni pé ọjà ọdún ni wọ́n ń lọ ná.

Àwọn ẹranko náà wà. Èyí tí àlejò ń fẹ́ rí jù ni moose, tó jọ àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tó ga ju ẹṣin lọ, tí ìwo akọ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Béárì dúdú náà ń bẹ níbẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń pàgọ́ pé kí wọ́n má ṣe fi oúnjẹ sílẹ̀ gbayawu.

Ìyá arúgbó tó lọ pẹja

Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí èrò ń wọ́ lọ jù ni ọ̀gbun kan tí wọ́n ń pè ní Flume, tó wà ní ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ New Hampshire tí igbó ọba náà yí ká. Àpáta dúró gbọnrangandan lọ́tùn-ún àti lósì, gíga rẹ̀ tó 70 sí 90 ẹsẹ̀ bàtà, omi sì ń gba àárín wọn sàn. Àfárá onípákó ni èèyàn ń gbà wọ inú rẹ̀.

Ìtàn ibẹ̀ ni pé lọ́dún 1808, ìyá arúgbó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jess Guernsey, ẹni ọdún 93, ló ń wá ibi tí yóò ti pẹja tó fi ṣàdédé já sí ọ̀gbun náà. Ó sáré lọ sílé lọ sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀. Wọ́n kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ̀ lé e débẹ̀, wọ́n rí i pé ojú ìyá kò ṣì. Lónìí, àwọn tó fi orí ìyá náà rí ibi ìgbafẹ́ kò lóǹkà.

Bàbá orí òkè ṣubú

Nítòsí ibẹ̀ ni àpáta kan wà tẹ́lẹ̀ tó rí gẹ́lẹ́ bí ojú bàbá àgbàlagbà: iwájú orí, imú àti irùngbọ̀n. Láti ọdún 1805 ni àwọn òyìnbó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn rí i. Bí àwọn ará Abẹ́òkúta ṣe ń fi Olúmọ yangàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará New Hampshire ń fi bàbá yìí yangàn. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára àmì ojú ọ̀nà, ó sì wà lára owó ẹyọ tí ìjọba àpapọ̀ rọ fún ìpínlẹ̀ náà lọ́dún 2000.

Àpáta náà ti ń sán láti ọjọ́ pípẹ́. Òjò ń wọ inú sísán rẹ̀, omi ń dì níbẹ̀ nígbà òtútù, ó sì ń fẹ̀ ẹ́ sí i. Àwọn olùtọ́jú fi irin dè é, wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí i, tí bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀ láti ìran kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3, oṣù Karùn-ún, ọdún 2003, ilẹ̀ mọ́, àwọn èèyàn gbójú sókè, wọn kò rí bàbá mọ́. Ó ti ya lulẹ̀. Àwọn èèyàn sunkún, àwọn mìíràn gbé òdòdó lọ sí ẹsẹ̀ òkè náà bí ìgbà tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ èèyàn.

Igi ganganran má gùn mí lójú

Òkè Washington kò ga tó àwọn òkè ńlá inú ayé. Kilimanjaro tó wà ní Tanzania níbí yìí ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ohun tó mú kó burú ni pé ibi tó dúró sí ni ìjì láti ọ̀nà oríṣiríṣi ti ń pàdé. Oòrùn lè máa ràn nísàlẹ̀ kí yìnyín máa já bọ́ lókè. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, òtútù àti afẹ́fẹ́ para pọ̀ níbẹ̀, ara èèyàn tó bá wà níta yóò mọ̀ ọ́n bí ìwọ̀n 78 sísàlẹ̀ oódo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní oódo ni omi ti ń dì.

Àwọn tó ti kú lórí òkè náà àti àwọn tó yí i ká láti ọdún 1849 ti lé ní 160. Èyí tí wọ́n ń sọ jù nínú ìtàn wọn ni ti Lizzie Bourne, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún ọdún. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1855, òun, àbúrò bàbá rẹ̀ àti ọmọ ọkùnrin náà gbéra lọ́sàn-án láti gun òkè náà, wọ́n fẹ́ sùn sí ilé àlejò tó wà lórí rẹ̀. Ìjì dé, ilẹ̀ ṣú, wọn kò sì rí ọwọ́ ara wọn mọ́. Bàbá náà to òkúta jọ láti fi dí afẹ́fẹ́ fún àwọn ọmọ méjèèjì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Lizzie ti kú. Nígbà tí ojú mọ́ kedere, wọ́n wò ó, ilé àlejò tí wọ́n ń wá kò jìnnà sí wọn rárá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ibi tí èèyàn lè pariwo sí kí wọ́n gbọ́. Àmì kan ṣì wà níbẹ̀ di òní olónìí.

Ṣáájú ìyẹn ni ti ìdílé Willey, tó ń gbé ní àfonífojì kan láàárín àwọn òkè náà. Ní alẹ́ ọjọ́ 28, oṣù Kẹjọ, ọdún 1826, lẹ́yìn ọ̀dá pípẹ́, òjò ńlá rọ̀, ilẹ̀ òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá sílẹ̀. Ọkọ, ìyàwó, ọmọ márùn-ún àti òṣìṣẹ́ méjì sá jáde láti wá ibi ìsádi. Ilẹ̀ tó ya náà bò wọ́n, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló kú. Ọmọ mẹ́ta ni wọn kò rí òkú wọn. Èyí tó ya gbogbo èèyàn lẹ́nu ni pé kò sí ohun tó ṣe ilé tí wọ́n sá kúrò nínú rẹ̀: àpáta kan tó wà lẹ́yìnkùlé ló la yíya ilẹ̀ náà sí méjì, tó gba ọ̀tún àti òsì kọjá. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo ibẹ̀, àbẹ̀wò sí àwọn òkè náà sì wá pọ̀ sí i.

Àwọn kan ronú ọ̀nà tí èèyàn lè gbà dé orí òkè láìfi ẹ̀mí wewu. Lọ́dún 1861, wọ́n ṣí ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè gbà dé òkè téńté. Mọ́tò ló ń gba ibẹ̀ nísinsìnyí. Sylvester Marsh, tó ṣìnà sórí òkè náà nínú ìjì lọ́dún 1857, sọ pé òun yóò la rélùwéè gun òkè. Àwọn kan nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kó kúkú la ọ̀nà dé inú òṣùpá. Marsh kò dá wọn lóhùn. Ó ṣe irin eléyín sáàárín ojú irin méjèèjì, kẹ̀kẹ́ eléyín tó wà lábẹ́ ọkọ̀ á máa há mọ́ ọn bó ti ń gòkè, kò sì ní í yọ̀ padà sẹ́yìn. Lọ́dún 1869 ni rélùwéè náà dé orí òkè, òun ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀ lágbàáyé tó gun òkè ńlá. Ó ṣì ń gbé èrò di òní.

Ní ti àwọn tó ń fẹsẹ̀ gùn, ìjọba New Hampshire kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣàìbìkítà, tó wọ bàtà ìlẹ̀ àti ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ sórí òkè, tí wọ́n wá ní láti lọ gbé e, òfin fún ìjọba láyè láti gba owó iṣẹ́ ìdóòlà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ń ta káàdì kan, dọ́là 25 fún ẹnì kan àti dọ́là 35 fún ìdílé nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní i kò ní í san owó ìdóòlà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àfi tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ara rẹ̀ wewu. Owó káàdì náà ni wọ́n fi ń ran àwọn adóòlà ẹ̀mí lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ta igbó náà

Ọwọ́ ìpínlẹ̀ New Hampshire ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ òkè wọ̀nyí wà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1867, ìpínlẹ̀ náà ta èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Àwọn onígẹdú wọlé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi la ojú irin wọ inú igbó. Olókìkí nínú wọn ni J.E. Henry, tó fi ìlú Lincoln ṣe ibùjókòó, tó sì ń gé igi ní àfonífojì odò Pemigewasset. Kì í ṣe igi tó gbó nìkan ni wọ́n ń gé. Ibi tí wọ́n bá wọ̀, wọn a gé e kanlẹ̀, wọn a sì fi ẹ̀ka àti ewé gbígbẹ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Iná wá dé. Mànàmáná tàbí ẹ̀ta iná láti inú ọkọ̀ ojú irin tó láti mú un bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1903 àti 1907, iná jó rẹpẹtẹ nínú àwọn òkè náà. Ní ibòmíràn, kì í ṣe igi nìkan ló jó, erùpẹ̀ tí igi ì bá tún hù lé lórí jó pẹ̀lú, àpáta ló ṣẹ́kù.

Àwọn tó kọ́kọ́ kígbe ni àwọn ará ìlú tó fẹ́ràn òkè, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin, àwọn onílé àlejò tí àlejò kò wá sọ́dọ̀ wọn mọ́, àti ẹgbẹ́ adáàbò-bo-igbó tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1901. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin ní Washington kò dá wọn lóhùn. Olórí ilé aṣojú-ṣòfin ìgbà náà, Joseph Cannon, kò fẹ́ kí wọ́n ná kọ́bọ̀ ìjọba nítorí ibi tó rẹwà lójú lásán.

Ìgbà yìí ni wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà mọ́, ọ̀rọ̀ omi ni. Orí àwọn òkè wọ̀nyí ni odò Merrimack ti ń gba omi, odò yìí ló sì ń yí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní àwọn ìlú bíi Manchester. Igbó ló ń mu òjò bíi kànrìnkàn, tó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí igbó bá tán, gbogbo òjò á ṣàn wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, odò á kún àkúnya. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, odò á gbẹ, iṣẹ́ á dúró. Ọ̀rọ̀ yìí wọ àwọn ọlọ́lá létí ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ.

John Weeks, aṣòfin láti ìpínlẹ̀ Massachusetts tí wọ́n bí sí New Hampshire, ló gbé òfin náà lọ. Ààrẹ William Howard Taft bu ọwọ́ lù ú ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, ọdún 1911. Òfin náà fún ìjọba àpapọ̀ láṣẹ láti máa ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́ tà á, ní orísun àwọn odò tí ọkọ̀ ń gbà. Wọn kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní tipátipá. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ tán, tí iná ti jó, tí ẹlòmíràn ń pè ní ilẹ̀ ahoro, ni wọ́n rà. Lọ́dún 1918, wọ́n kéde rẹ̀ ní igbó ọba. Òfin yìí kan náà ni wọ́n fi dá ọ̀pọ̀ igbó ọba mìíràn sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà.

Igi padà hù

Àfonífojì Pemigewasset, tí ojú irin onígẹdú kún inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, di igbó àìfọwọ́kàn lábẹ́ òfin lọ́dún 1984. Mọ́tò kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, èèyàn kò sì gbọdọ̀ gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì débẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn èrò ń gbà wọlé jẹ́ ojú irin àtijọ́ náà. Ẹni tó bá wolẹ̀ dáadáa ṣì lè rí àwọn igi tí wọ́n fi tẹ́ ẹ.

Kì í ṣe pé wọ́n fi òfin de igi gígé ní gbogbo igbó náà. Wọ́n ṣì ń gé gẹdú ní àwọn apá kan, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ètò ni: àwọn onímọ̀ ló ń sọ èyí tí wọn yóò gé àti èyí tí wọn yóò dá sí.

Àwọn tó wá ṣeré náà ní tiwọn nínú ìbàjẹ́. Òdòdó kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Robbins' cinquefoil, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí níbòmíràn láyé ju orí àwọn òkè wọ̀nyí lọ. Ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tí wọ́n ti la láti ọdún 1819 gba àárín rẹ̀ kọjá, àwọn tó ń gun òkè sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ run. Wọ́n yí ọ̀nà náà gba ibòmíràn, wọ́n fi ọgbà yí òdòdó náà ká, wọ́n tún gbin òmíràn. Lọ́dún 2002, ìjọba yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn ohun ọ̀gbìn tó fẹ́ parun. Bàtà ló fẹ́ pa á, ọ̀nà tí wọ́n yí ló gbà á là.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí ẹni tó bá mọ igbó ọba Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn tàbí Olúwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí wọn ti gbọ́ ìró ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ní òru, ó sì ti rí ọkọ̀ gẹdú tó ń kọjá. Àwọn ará New Hampshire náà rí bí wọ́n ṣe ń gé igi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọ̀rọ̀ tó yé wọn. Ohun tí wọ́n tà lówó pọ́ọ́kú lọ́dún 1867 ni ìjọba ní láti máa fi owó gidi rà padà lẹ́yìn ọdún 1911, ó sì gba ilẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí igi tó lè bo ojú àpá rẹ̀.

Bàbá orí òkè tó wó lulẹ̀ lọ́dún 2003 kò ní í dìde mọ́. Kò sí iye tí èèyàn lè san tí yóò dá a padà. Ṣùgbọ́n ní àfonífojì Pemigewasset, níbi tí wọ́n ti gé igi kanlẹ̀, ọmọdé tó bá bá bàbá rẹ̀ lọ sibẹ̀ lónìí, abẹ́ ibòji ni yóò ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀.